Kí Ló Dé Tí Ajá Mi Kò Gbàgbé Ìró Báńgà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ajá kan tí mo sọ ní Tanímọ̀la. Nígbà Kérésìmesì èṣí, àwọn ọmọ àdúgbò ju báńgà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ó sùn sí lábẹ́ igi máńgòrò wa. Láti ọjọ́ náà, bí ààrá bá ti sán, abẹ́ ibùsùn ni yóò sá wọ̀, tí yóò sì máa gbọ̀n. Ohun tí kò yé mi ni pé ó ti padà ń sùn lábẹ́ igi náà láìfòyà. Ọkọ mi ní oríkunkun ni, pàṣán ni wọ́n sì fi ń lé e jáde. Kí ni ó ń ṣe é? — Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ baálé ilé kí wọ́n gbé pàṣán náà jù sílẹ̀. Tanímọ̀la kò ṣoríkunkun; ẹ̀rù ni ó ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ibi tí ó fìdí sí nínú orí rẹ̀, níbi tí ẹgba kò lè dé láti tú u.

Nínú ọpọlọ ajá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ti ènìyàn àti ti eku, ìṣùpọ̀ kékeré kan wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala, ibẹ̀ ni ẹ̀rù fìdí sí. Joseph LeDoux, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní New York, tọ ipasẹ̀ ìró nínú ọpọlọ eku, ó sì rí i pé ọ̀nà méjì ni ìró ń gbà dé ibẹ̀: ọ̀kan gùn, ó ń gba èèpo òde ọpọlọ kọjá, níbi tí ẹranko ti ń dá ìró kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, èkejì jẹ́ àbùjá tí kò yà síbẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ara Tanímọ̀la fi lè máa gbọ̀n kí ó tó mọ̀ bóyá ààrá ni ó sán tàbí báńgà ni ó dún.

Ọ̀rọ̀ igi máńgòrò ni ó wù mí jù nínú lẹ́tà yín, nítorí pé ó rán mi létí iṣẹ́ kan tí Jeansok Kim àti Michael Fanselow ṣe ní Los Angeles, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992. Wọ́n fi eku sínú àpótí, wọ́n jẹ́ kí ó gbọ́ ìró kan, wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á lẹ́sẹ̀, títí ẹ̀rù àpótí àti ẹ̀rù ìró fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n ba hippocampus rẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kejì, ìyẹn apá ọpọlọ tí ń pa ìrántí ibi mọ́, ẹ̀rù àpótí kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ìró náà, gbagidi ni yóò dúró. Bí wọ́n bá sì dúró di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó ba apá náà jẹ́, ẹ̀rù àpótí ṣì wà, èyí tí ó fi hàn pé ìrántí ibi kì í gbé ojú kan títí láé. Lójú ọpọlọ, ẹ̀rù ibi àti ẹ̀rù ìró kì í ṣe ohun kan náà. Ojoojúmọ́ ni Tanímọ̀la ń rí igi yín tí nǹkan kan kò sì ṣe é lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti kọ́ pé ewu ti kúrò níbẹ̀. Ìró ààrá kò bá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wá, nítorí pé pàṣán ni ó ń tẹ̀lé e.

Pàṣán náà kò mọ síbi kí ó dun ara. Bí jìnnìjìnnì bá bo ẹranko, èròjà ìpáyà tí a ń pè ní adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìbátan rẹ̀, noradrenaline, á sì tú sínú amygdala. James McGaugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí èyí: bí wọ́n bá fi kún noradrenaline nínú amygdala eku lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ìrántí ẹ̀kọ́ náà á túbọ̀ wọlé ṣinṣin, bí wọ́n bá fi oògùn propranolol dí i lọ́wọ́, ìrántí kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹgba tí ó bá ba ajá yín lẹ́yìn tí ààrá sán ń tú irú èròjà kan náà jáde, ó sì ń fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀rù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀rù yìí ṣeé borí, ṣùgbọ́n kì í parẹ́ pátápátá. Ní 2002, Mohammed Milad àti Gregory Quirk ní Puerto Rico fi hàn pé nígbà tí eku bá rántí pé ìró kan kò léwu mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níwájú ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń ta jí. Ẹ̀kọ́ tuntun ni ó ń tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba ìró ààrá sórí fóònù yín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún un ní ohùn ìsàlẹ̀ tí kò lè dẹ́rù bà á, kí ẹran díẹ̀ sì máa tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, títí ààrá yóò fi di àmì ẹran. Ẹ máa fi ohùn kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá ti ń gbọ̀n, ẹ padà sísàlẹ̀. Bí òjò gidi bá dé, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, kí ẹ jókòó tì í. Bí ìpáyà náà bá pọ̀ débi tí kò jẹun, dókítà ẹranko ní oògùn tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ̀rù náà bá sì tún yọjú lẹ́yìn oṣù tí ẹ ti rò pé ó ti lọ, iṣẹ́ yín kò ṣòfò: ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀, ó sábà máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.