Ẹ Má Gbé Mi, Ẹ Fọ̀nà Hàn Mí

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 26 ni mí, wheelchair ni mo fi ń rìn láti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí mo ti ní jàǹbá ọ̀kadà. Èèyàn lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, wọn ò lè gba fújì. Lóṣù tó kọjá olórin tí mo fẹ́ràn jù wá ṣeré ní họ́ọ̀lù kan níbí, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì iye tí gbogbo ayé rà á. Mo débẹ̀, àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló wà níwájú mi, mo kà wọ́n. Báńsà mẹ́rin ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n gbé èmi àti àga lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn lọ di táyà mú, táyà wá yí, díẹ̀ ló kù kí n dojú dé sórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wá gbé mi sí, bí wọ́n ṣe lu ìlù àkọ́kọ́ báyìí gbogbo èèyàn dìde, ìdí èèyàn ni mo wò títí eré fi parí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn ò gba kẹ̀kẹ́ mi, mo mú un mọ́ra délé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa dúpẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ gbé mi wọlé, àbí mo fẹ́ kí wọ́n wó họ́ọ̀lù nítorí èmi nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mò ń ṣe àṣejù ni? — Ọmọ Fújì

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ò ṣe àṣejù kankan, ohun tó o sanwó fún náà lo bèèrè. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ibi táyà yẹn ló wọ̀ mí lára jù torí irú ẹ̀ ti ṣe mí rí. Èmi náà orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, ó ti lé lọ́dún 15 báyìí. Níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, mo fẹ́ lọ nọ́nwó fún olórin, kò sọ́nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà dórí ìtàgé, làwọn ọmọkùnrin kan bá rọ́ wá, wọn ò bi mí, wọ́n gbé mi sókè, ìró mi tú níwájú gbogbo èrò, àwọn onífídíò sì ń ká a. Owó tí mo fẹ́ ná ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ yẹn kan náà ni mo fi ń wá etí ìró mi mú. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé ẹnì kankan ò ní gbé mi bí àpò gààrí mọ́.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò rò ni pé bí wọ́n ṣe gbé ẹ wọlé náà ni wọ́n máa gbé ẹ jáde. Ká ní iná ṣẹ́ yọ lára jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́, tí gbogbo èèyàn wá ń sá, báńsà wo ló máa rántí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó nílò ọkùnrin mẹ́rin kó tó lè sọ̀ kalẹ̀?

Kì í sì í ṣe àánú lò ń tọrọ o. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà àìdọ́gba jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní Nàìjíríà, òfin yẹn fún gbogbo ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún un ṣe kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé láti oṣù kìíní 2024. Iléeṣẹ́ tí kóòtù bá dá lẹ́bi, mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn ẹ̀; tó bá jẹ́ èèyàn kan ni, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Èkó ti ní òfin tiwọn láti 2011, wọ́n sì ní LASODA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá níbẹ̀. Nítorí náà kọ lẹ́tà sí họ́ọ̀lù yẹn, kọ ọjọ́ tó o lọ, kọ iye àtẹ̀gùn, kọ ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó o sọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ìbàdàn tìẹ yẹn náà sì ni Yínká Ayéfẹ́lẹ́ wà o, láti ìgbà tó ti ní jàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1997, orí wheelchair ló ti ń kọrin, ta ni ò tíì jó sí tùǹgbá ẹ̀ lóde ìnáwó? Tí olórin bá lè wà lórí kẹ̀kẹ́ níwájú, kí ló dé tí ẹni tó wá wòran ò ní rọ́nà gbà wọlé? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an.

Tó o bá tún fẹ́ lọ wòran, pe àwọn oníhọ́ọ̀lù kó o tó sanwó. Má bèèrè pé ṣé wheelchair lè wọlé, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn máa dá ẹ lóhùn, ohun tó sì wà lọ́kàn wọn ni pé àwọn máa gbé ẹ. Bèèrè pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti géètì títí dé ibi tí mo máa jókòó. Ní kí ẹnì kan fi fóònù ká fídíò ọ̀nà yẹn, kó rìn ín láti géètì dé ìjókòó, kó tún rìn ín láti ìjókòó dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp. Wọn kẹ̀kẹ́ ẹ láti etí táyà kan dé ìkejì kó o mọ iye ínǹṣì ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó dáa fún wa, tí wọ́n bá ṣí i tán, àyè ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 32. Tó bá jẹ́ pápá ni wọ́n ti fẹ́ ṣeré, bèèrè bóyá iyanrìn ló wà nílẹ̀ àbí interlock, torí táyà kékeré iwájú yẹn, tó bá ti rì sínú iyanrìn, ó parí. Tètè débẹ̀ kí èrò tó pọ̀, kó o fúnra ẹ yan ibi tó o fẹ́. Tó bá wá di tipátipá pé wọ́n máa gbé ẹ, ìwọ ni kó o máa pàṣẹ: kí wọ́n má di táyà mú, kí wọ́n má di ibi ìgbápálé tó ń yọ mú, irin àga gan-an ni kí wọ́n dì mú, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa ka ení, èjì, ẹ̀ta kí wọ́n tó gbé ẹ.

Ìbéèrè: Mo ní họ́ọ̀lù n'Íjẹ̀bú-Òde, àwọn olórin máa ń wá ṣeré níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wẹ́dà mi ní òun lè fi irin ṣe ọ̀nà dagẹrẹ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí i. Ṣé ó ti tó? — Onílé Eré

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fún wẹ́dà lówó. Kò tó o, sà. Gbogbo ínǹṣì kan tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga, ínǹṣì 12 ni ọ̀nà dagẹrẹ fi gbọ́dọ̀ gùn. Tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní ínǹṣì mẹ́fà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 18 nìyẹn, ọ̀nà yín á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Èyí tí wẹ́dà ń sọ yẹn, ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí táyà gùn ún, ẹ̀yìn ló máa fi lélẹ̀. Tí iwájú ò bá gbà á, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́rí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi ibi pẹrẹsẹ sí àárín tí èèyàn ti lè sinmi, kẹ́ ẹ sì fi irin ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì.

Nínú họ́ọ̀lù, ẹ ṣe pepele tó ga tó kí ẹni tó jókòó lè máa wo ìtàgé tí àwọn èrò bá dìde, kẹ́ ẹ fi àga kan sí i fún ẹni tó bá tẹ̀ lé e wá. Àwọn wáyà tí bándì máa ń fà kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n gbé e gba òkè. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńlá tẹ́ ẹ bá sì torí wa kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó kéréètì mínírà sínú ẹ̀, mo ti bá a bẹ́ẹ̀ níbi tó ju ẹyọ kan lọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ á sì ti lọ ra súyà.

Ìbéèrè: Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo fẹ́ gbé màmá mi tó ń lo wheelchair lọ wo olórin Nàìjíríà kan ní O2, gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán nìkan ni mò ń rí rà. — Ọmọ Màmá

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìyẹn, tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ lè bára yín láàárín àtẹ̀gùn. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní access, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àwa tó ní ìpèníjà ara, tàbí kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń bójú tó o. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Equality Act 2010 ló sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu fún irú màmá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́pọ̀ ibi, ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn kì í sanwó. Wọ́n lè bèèrè ẹ̀rí, tí màmá bá ń gba Attendance Allowance, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ sọ́wọ́. Àyè yẹn kì í pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì jáde ni kẹ́ ẹ ti pè. Reluwé Jubilee line ló máa gbé yín dé North Greenwich, lífìtì wà níbẹ̀ láti ibi reluwé dé òkè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibùdókọ̀ tẹ́ ẹ ti máa wọ̀ ọ́ ló ní lífìtì, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jáde nílé.