Ìwé Ìṣirò Ọjà Yẹn Ni Kí O Kọ Nípa Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ẹja ni mo kà ní yunifásítì, ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening kí n lè lọ ka másítà nílùú Ọba. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe aṣíwájú, mi ò sì jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ kankan rí. Ìyá mi ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Èmi ni mo ń bá òun àti obìnrin mẹ́wàá mìíràn kọ ìṣirò ọjà wọn, ó ti lé lọ́dún méjì. Ìyẹn nìkan ni mo ní. Ẹ bá mi wo ohun tí mo kọ. — Ọmọ Ọlọ́ja, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹja” lo fi bẹ̀rẹ̀, lo bá fi ìpínrọ̀ méjì gbáko sọ̀rọ̀ ìṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Jọ̀ọ́, pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, mo wá ọ títí níbẹ̀, mi ò rí ọ.

Èmi náà ṣe é rí. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni mo fi to ìṣòro Nàìjíríà, mi ò sì rántí sọ pé alaalẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ apẹja níwèé létí ọ̀sà. Wọn ò mú mi. Ó dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó ṣe ìwọ náà.

Ìwé ìṣirò yẹn ni kí o kọ nípa rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ kọ̀, tó ní o fẹ́ mọ iye tó wà lápò òun? Báwo lo ṣe bá a sọ̀rọ̀ tó fi gbà? Kí lẹ rí nínú ìwé náà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ṣé owó igi ìdáná ló ń jẹ èrè ni, àbí ọ̀bọ̀kún tó ń bàjẹ́ kó tó dórí ààrò? Mélòó ló ń bàjẹ́ lóṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀, mélòó ni báyìí? Kọ iye náà bó ṣe wà, má bu iyọ̀ sí i. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè bi ọ́ dé ìdí rẹ̀.

Àwọn tó kù ò le. Ọdún 1983 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ètò náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì, ìyẹn wákàtí 2,800, ni wọ́n ń béèrè; o ti ní in. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wàá yàn, kí o sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kọ́ ọ nípa títọ́jú ẹja. Dandan ni kí o padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nítorí náà, níbi tí wọ́n ti bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe, Ẹ̀pẹ́ ni kí o dárúkọ, kí o sọ ohun tí wàá kọ́kọ́ ṣe fún àwọn obìnrin mọ́kànlá yẹn.

Bí o bá kọ ọ́ tán, túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá létí ìyá rẹ. Ibi tó bá ti ní “kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn,” tún ibẹ̀ kọ, kí o wá fi ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ̀.