Oṣù kan ní Jámánì: ọ̀sán ni kí o ṣọ́, kì í ṣe kíláàsì

Àbúrò wa tó bèèrè láti Gwarinpa ní Àbújá, tó ní òun wà ní ipele 300 ní yunifásítì ní Zaria, òun sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ èdè Jámánì lọ́hùn-ún ní oṣù keje, o ní àwọn kan sọ pé ó dára, àwọn kan ní owó ṣòfò ni. Àti àwọn tí ibẹ̀ dùn mọ́ àti àwọn tí kò dùn mọ́, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Kíláàsì ni àwọn ti àkọ́kọ́ ń sọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì ni àwọn yòókù ń sọ. Mo ti lọ, mo sì ti tọ́ àwọn mìíràn sọ́nà, ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Ẹ̀kọ́ márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ẹ̀kọ́ 100 nìyẹn. Ìṣẹ́jú 45 ni ẹ̀kọ́ kan, nítorí náà wákàtí 75 péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo kò lè fi ìyẹn parí A2, ìpele kejì nínú kíkọ́ èdè (A1 ni ìkíní), ibẹ̀ sì ni ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Parí A1 níbí kí o tó lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí àwọn ẹlòmíràn máa fi kọ́ ìkíni àti òǹkà, ìwọ á ti wọ inú ibi tó le. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìdánwò láti mọ kíláàsì tí o máa wọ̀, dá a ṣe. Kíláàsì tó bá ga jù ọ́ lọ, ṣe ni wàá kàn máa wo ẹnu olùkọ́.

Ọ̀sán ló ń jẹ owó náà. Ní nǹkan bí aago kan, kíláàsì ti tán, ilẹ̀ kò sì ní tètè ṣú: ní Berlin, òòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. (Mùsùlùmí tó ń lọ, mọ̀ pé ìrun ìṣáì máa pẹ́ gan-an, àsùbáà á sì tètè dé, ṣètò oorun rẹ.) Ní gbogbo wákàtí yẹn, Òyìnbó (Gẹ̀ẹ́sì) ni gbogbo àlejò máa ń bá ara wọn sọ, àwa ọmọ Nàìjíríà á sì rí ara wa, ó di Yorùbá àti píjìn títí di òru. Mi ò ní kí o sá fún èèyàn rẹ, àárò ilé kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n jẹun ọ̀sán pẹ̀lú ẹni tí Òyìnbó rẹ̀ kò já gaara, kí ó lè di dandan fún ẹ̀yin méjèèjì láti sọ Jámánì. Nígbà tí o bá ń kún fọ́ọ̀mù ilé, bèèrè fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ibẹ̀ ń gbé pọ̀, kì í ṣe yàrá àdágbé.

Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ní àràárọ̀. Sọ pé, "Zwei Brötchen, bitte," ìyẹn ni pé ẹ jọ̀ọ́, búrẹ́dì kékeré méjì. Bí obìnrin tó ń tà á bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ó lè yí sí Òyìnbó. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ. Rẹ́rìn-ín, kí o ní, "Auf Deutsch, bitte," ìyẹn ni pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ Jámánì. Á bèèrè pé, "Sonst noch etwas?", ìyẹn ni pé ṣé ó ku nǹkan mìíràn. Dáhùn pé, "Nein danke, das ist alles," ìyẹn ni pé rárá, ẹ ṣé, ó tán. Gbólóhùn mẹ́ta yìí, tí o bá sọ wọ́n lójoojúmọ́, ẹnu rẹ á là.

Ibì kan wà tí ọmọ Yorùbá ti ṣáájú: *Sie* àti *du* dà bí "ẹ" àti "o". Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ní *du* bó tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ, àgbàlagbà tó ń tajà á sì pe ìwọ ọmọdé ní *Sie*.

Ní ti físà, Schengen ọlọ́jọ́ kúkúrú (físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò) ni, yúrò 90 sì ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni ìdáhùn máa ń gbà, ó lè di 45, rírí ọjọ́ tí wàá lọ fìwé sílẹ̀ sì lè ṣòro ju físà náà lọ. Nítorí náà, oṣù kìíní tàbí ìkejì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìtọ́jú tí ínṣọ́ránsì ìlera rẹ lè san gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Tí bàbá rẹ bá ń san owó, kí ó má ṣe da owó ńlá sínú àkáǹtì lójijì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn tó ń yẹ ìwé físà wò máa rí i. Gba lẹ́tà láti yunifásítì pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, pé o ń padà bọ̀ wá sí ipele 400.

Ẹrù ńkọ́? Má gbé kílíṣí. Ẹran àti wàrà láti òde Yúróòpù kò gbọdọ̀ wọlé nínú báàgì arìnrìn-àjò, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ kò sí nínú òfin yẹn. Ra adáptà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní ọjà Wuse kí o tó lọ, kí o sì mú fáànù kékeré dání: òjò ló ń rọ̀ ní Àbújá lóṣù keje, ooru ló wà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ yàrá hósítẹ́ẹ̀lì kò sì ní fáànù. Ra oúnjẹ ní Sátidé, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú. Má sọ ike omi nù, sẹ́ǹtì 25 wà lórí ọ̀pọ̀ wọn tí ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù máa dá padà.

Èyí tó ń dun akẹ́kọ̀ọ́ jù ni pé ECTS (kírẹ́díìtì àwọn yunifásítì Yúróòpù) tí wọ́n kọ sí sátífíkéètì kì í ṣe kírẹ́díìtì tiwa. ECTS kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, tó fi mọ́ ìwé tí o dá kà. Kírẹ́díìtì kan níbí jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Nítorí náà, mú ètò ẹ̀kọ́ náà lọ bá HOD (olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́) rẹ kí o tó sanwó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá yóò kà á tàbí kò ní kà á. Bèèrè ọjọ́ ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì, oṣù kẹwàá ló parí, gbogbo kàlẹ́ńdà sì dàrú. Tí ìdánwò tiwa bá bọ́ sí oṣù keje, sún ìrìn àjò náà di ọdún tó ń bọ̀.