Ṣé Wọ́n Fẹ́ Fi Màmá Wa Kọ́ṣẹ́ Ni?

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Dọ́kítà ti sọ pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe màmá wa, ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé ká kówó jọ ká gbé wọn lọ Íńdíà, sí Tata Memorial ní Mumbai. Ó fi ìwé ìròyìn ọdọọdún ọsibítù yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbogbo ibi tí mo ṣí, ìtọ́jú, ìwádìí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ìtọ́jú yé mi. Méjì tó kù yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Ṣé wọ́n fẹ́ fi màmá wa kọ́ṣẹ́ ni?
*Ọmọ ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ Màmá. Mi ò ní fojú kéré ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ yẹn rárá, torí ọ̀pọ̀ ilé la ti ń gbọ́ ọ pé ọsibítù ńlá, ibi tí wọ́n ti ń fi èèyàn dánra wò ni.

Ọdún 1941 ni wọ́n ṣí Tata Memorial. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa Meherbai, ìyàwó Dorabji Tata, olówó oníṣòwò ará Íńdíà kan, owó tí ọkọ ẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún àánú ni wọ́n fi kọ́ ọsibítù yẹn, ọwọ́ ìjọba ló wà báyìí. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, wà á rí àwọn tó wá láti abúlé tó jìnnà tí wọ́n tẹ́ nǹkan sílẹ̀ lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí dọ́kítà dá fún wọn. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí ìwádìí wọn yàtọ̀, torí ohun tí tálákà lè rówó ẹ̀ san ni wọ́n máa ń wá kiri.

Wo ọ̀kan tó kan irú àìsàn Màmá gan-an. Ṣó o mọ lidocaine, abẹ́rẹ́ tí dọ́kítà eyín máa ń gún wa kí erìgì lè kú kó tó fa eyín yọ? Ó ti pẹ́ láyé, kò wọ́n. Àwọn dọ́kítà Tata wá rò ó pé táwọn bá gún un yí kókó inú ọmú ká, táwọn dúró bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá káwọn tó gbé ọ̀bẹ, bóyá jẹjẹrẹ yẹn ò ní ráyè sá lọ síbòmíì nínú ara. Wọ́n ṣe é fún obìnrin bí 1,600 ní ọsibítù 11 ní Íńdíà, wọ́n gún ìdajì, wọn ò gún ìdajì, wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú 100 tí wọ́n gún, 90 ṣì wà láàyè, nínú 100 tí wọn ò gún, 86. Ẹnì kan á ní mẹ́rin péré. Nílé tí mẹ́rin yẹn ti wá, kì í ṣe péré o! Ọdún 2023 ni wọ́n gbé e jáde, mi ò sì rí ilé-iṣẹ́ oògùn tó máa nọ́wó sí irú ẹ̀, torí èrè wo ló wà níbẹ̀? Ọsibítù tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún ló lè ṣe é.

Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Dọ́kítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá, ẹnì kan ló dúró tì í nígbà tó ń kọ́ ọ. Ìyẹn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fi Màmá sínú ìwádìí láìjẹ́ pé ó mọ̀. Wọ́n máa ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́ kó tó fọwọ́ síwèé, tó bá sì ní òun ò ṣe, ìtọ́jú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yingin. Tí ò bá gbọ́ òyìnbó, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, ẹ má tijú.

Ohun kan tún wà kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀. Ẹ béèrè èsì ER, PR àti HER2, àwọn àmì mẹ́ta tí wọ́n máa ń wá lára jẹjẹrẹ ọmú, nínú àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé, òun ló máa sọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade tó kọ́ṣẹ́ dọ́kítà n'Ìbàdàn kó tó lọ Chicago wà lára àwọn tó jẹ́ ká mọ̀ pé irú èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí nínú ẹ̀ pọ̀ lára àwọn obìnrin wa, ara àwọn obìnrin wa náà ni wọ́n sì ti rí i. Ẹ kó gbogbo fáìlì yẹn lọ sí NSIA-LUTH, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ n'Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 2019, wọ́n ní ẹ̀rọ onítànṣán níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn ná. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, wọ́n ní fínígà ni wọ́n fi ń mọ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní Íńdíà. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi nílé?
*Oníṣòwò kan, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dà á sára o! Òótọ́ ni, Tata yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀ ní 1998 láàárín àwọn obìnrin bí 150,000 ní àdúgbò àwọn tálákà ní Mumbai. Àwọn obìnrin tí ò kàwé púpọ̀, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́, ló ń fi irú omi kíkan tó wà nínú fínígà pa ẹnu ilé-ọmọ, ibi tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ á funfun, wọ́n á ní kónítọ̀hún lọ ọsibítù. Ìdajì àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n yẹ̀ wò báyìí, ikú jẹjẹrẹ yẹn sì fi 31 nínú 100 dín kù láàárín wọn ju ti ìdajì kejì lọ. Àwọn kan bínú o, pé ìdajì tí wọn ò yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n bá wọn sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbínú yẹn sì tọ́ lójú mi, kí àbúrò Ìjẹ̀bú-Òde náà gbọ́ ọ.

Ojú ẹni tí wọ́n kọ́ ló ń rí nǹkan funfun yẹn, ẹ̀yin ò lè rí i fúnra yín. Ẹ lọ bi nọ́ọ̀sì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bóyá wọ́n ń ṣe VIA, bí wọ́n ṣe ń pe àyẹ̀wò fínígà yẹn. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ mú un dání, láti 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un.