Òṣìṣẹ́ yín ní òun lóyún, ó ní kẹ́ ẹ má sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa obìnrin inú sítọ̀ yín tó ní òun lóyún oṣù méjì, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀: ẹ má tíì pariwo ẹ kú oríire. Kó tó jáde, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ta ló ti mọ̀, ta ló fẹ́ kó mọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ má búra pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́, torí HR (àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) máa gbọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣèlérí ni pé ẹ ò ní bá wọn sọ ọ́ láì kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀. Bí oyún bá wá bàjẹ́ (ẹ ò ní gbàdúrà ẹ̀), kò ní máa ṣàlàyé fún ogún èèyàn.

Ẹnu kọ́ ló sábà máa ń tú irú àṣírí yìí, ètò iṣẹ́ ni. Ká ní ẹ yọ òun nìkan kúrò nídìí páálí lọ́jọ́ Ajé. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, wọ́n ti ń wo ikùn ẹ̀. Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ yí iṣẹ́ wọn po, kóun wá bọ́ sídìí ìwé ọjà. Lórí kàlẹ́ńdà, "ó máa dé láago méjìlá" ti tó. Ẹ má kọ klíníìkì. Àdúrà àárọ̀ ló burú jù. Tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ní "arábìnrin wa kan, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ," àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ má fipá gba ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Abala 54 nínú Labour Act (òfin iṣẹ́) ti Nàìjíríà sọ pé ìwé tó ní ó kù bí ọ̀sẹ̀ 6 kó bímọ ló fi máa gba ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ 6 míì wà lẹ́yìn ìbímọ. Tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tẹ́ ẹ máa san fún un ò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó iṣẹ́ ẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Tí ìwé náà bá dé, ẹ má yà á sórí fóònù yín: Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́.

Wọ́n ṣì máa bi yín pé, "Ọ̀gá, ṣé ó lóyún ni?" Ẹ dáhùn pé, "Èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ ara òṣìṣẹ́." Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ máa sọ nípa ẹni tí ò lóyún, tàbí ọkùnrin tó ní ibà lásán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdáhùn yẹn gan-an á di "bẹ́ẹ̀ ni."