Ẹni tó wo fídíò CPR kò tíì kọ́ CPR

Ìbéèrè: Ẹ ǹ lẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́sàn-án. Ó ti ń rá, gbogbo ohun tó bá sì rí nílẹ̀ ló ń kó sẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá ṣe kọ́ọ̀sì CPR kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan ni mo fi wo fídíò wọn, mo dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá, wọ́n sì fi sátífíkéètì ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi náà fẹ́ ṣe é. Ṣé kí ó ṣe irú èyí tí mo ṣe, àbí òmíràn wà tí wọ́n ń kà sí jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ọmọ. Ó yẹ kí n yìn yín pé ẹ kò dúró títí nǹkan á fi ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó máa wá ẹ̀kọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí wọ́n máa bi mí í, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà bi í: sátífíkéètì wo ni wọ́n ń kà sí? Ta ni yóò kà á? Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ló ń ka sátífíkéètì. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí nǹkan há lọ́fun kò ní bi yín léèrè ìwé. Ọwọ́ tó ti ṣe é rí ló ń wá. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì kọ́ CPR. Ẹ ti wò ó ni.

CPR ni kéèyàn máa tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́, kí ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí ẹ̀jẹ̀ tó ní atẹ́gùn nínú lè máa dé ọpọlọ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kò sí ẹni tó wo fídíò ìlùwẹ̀ẹ́ tán tó bẹ́ sódò.

Nínú kíláàsì kan tí mo kọ́ láìpẹ́ yìí, bàbá kan mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá. Ó mọ ìdáhùn sí gbogbo ohun tí mo bi í. Ó mọ̀ pé ìtẹ̀ 30 sí èémí 2 ni, ó mọ̀ pé kí ìtẹ̀ náà tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé ọmọláńgidi ọmọ ọwọ́ síwájú rẹ̀. Ikùn ló gbé ọwọ́ lé. Mo sún ọwọ́ rẹ̀ gòkè sí àyà, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà téèyàn ń yẹ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Àyà náà kò wọlẹ̀ rárá. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, kì í ṣe sí òun, bí kò ṣe sí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì sọ fún un pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú kò lè bá ọwọ́ kọ́. Nínú CPR ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àyà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Ti ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ mú rúlà, ẹ wo bí sẹ̀ǹtímítà 4 ṣe gùn tó, kí ẹ wá wo àyà ọmọ yín. Ọwọ́ ìyá kò ní gbà láti tẹ ọmọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí òbí kan tí mo tíì kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ sá. Orí ọmọláńgidi ni ìbẹ̀rù yẹn ti ń kúrò, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń dún tàbí kí wọ́n tan iná nígbà tí ìtẹ̀ bá jìn tó. Egungun ọmọdé rọ̀, kì í tètè ṣẹ́. Bó bá sì ṣẹ́ pàápàá, egungun tó ṣẹ́ á jinná, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí kò rí atẹ́gùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn.

Ọwọ́ gbọ́dọ̀ tún mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí àyà padà sókè pátápátá kí ó tó tún tẹ̀ ẹ́, torí ìgbà tí àyà bá padà sókè ni ẹ̀jẹ̀ ń rí àyè kún inú ọkàn. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí máa ń fara tì í sílẹ̀. Àárẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìtẹ̀ á ti máa fúyẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ń tẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ ara wa ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá yín lọ sí kíláàsì kan náà, kí ẹ jọ kọ́ bí ẹ ó ṣe gbà á lọ́wọ́ ara yín láìdúró.

Ohun kejì tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn fídíò wọ̀nyí, ti àgbàlagbà ni wọ́n ń kọ́ni. Ní ọdún 2008, American Heart Association, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn, sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè máa tẹ àyà nìkan, láì fẹ́ atẹ́gùn síni lẹ́nu, bí àgbàlagbà bá ṣàdédé ṣubú lójú rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn èèyàn wá gbé e lé orí ọmọdé. Àgbàlagbà tó ṣàdédé ṣubú, ọkàn rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, atẹ́gùn ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ti ọmọdé sábà máa ń yàtọ̀: èémí ló ń kọ́kọ́ dúró, bóyá nǹkan há a lọ́fun, bóyá ó kó sómi, bóyá àìsàn èémí ló mú un gan-an. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ á fi dúró, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ti tán. Bí ẹ bá ń tẹ àyà nìkan, ẹ̀jẹ̀ òfìfo lẹ ń gbé kiri. Bí ẹ kò bá lè fẹ́ atẹ́gùn náà lóòótọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ó sàn ju ká káwọ́ lérí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ méjèèjì.

Fífẹ́ atẹ́gùn fún ọmọ ọwọ́ kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń gbọ́ lẹ́nu kó mọ̀ ọ́n ṣe. A kì í gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn púpọ̀ bíi ti àgbàlagbà, torí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè dí. Ẹnu yín á bo ẹnu àti imú rẹ̀ pa pọ̀, ẹ ó fẹ́ ẹ díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú àáyá kan, kìkì kí àyà gbéra. Báwo ni “díẹ̀” ṣe pọ̀ tó? Àyà ọmọláńgidi ló ń fi hàn yín.

Fídíò tún máa ń pẹ́ nílẹ̀, ìlànà sì ń yí padà. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìka méjì la fi ń kọ́ àwọn òbí láti tẹ àyà ọmọ ọwọ́. Nínú ìlànà tí American Heart Association gbé jáde ní 2025, wọ́n ti yọ ìka méjì kúrò, torí kì í jẹ́ kí ìtẹ̀ jìn tó. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan (apá tó sún mọ́ ọrùn ọwọ́), tàbí àtàǹpàkò méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́ tó gbá ọmọ láyà mú, ló kù. Ẹ lọ wo èyí tí fídíò yín fi hàn yín.

Ní ti ohun tó há lọ́fun, tó jẹ́ òun gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín: ọmọ tó ń wúkọ́ kíkan tàbí tó ń ké, ẹ jẹ́ kó wú u. Èyí tí kò lè ké, tí kò lè wúkọ́, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ara lọ, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn nígbà 5, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 5, kí ẹ máa tún un ṣe. Bó bá rọ tí kò dáhùn mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ CPR, kí ẹnì kan pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má tẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan níkùn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè fara pa. Ẹ má sì ti ìka bọ ẹnu rẹ̀ láti wá ohun tí ojú yín kò rí, ẹ lè tì í wọlé sí i.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń bá jà o. Àwọn kọ́ọ̀sì gidi wà tí ẹ ó ti ka ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó wá lọ ṣe é lójú olùkọ́. Èyí tí kò ní apá kejì yẹn ni kí ẹ sá fún. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ Red Cross tàbí Red Crescent orílẹ̀-èdè yín; wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 190. St John Ambulance ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ti American Heart Association, èyí tó ń jẹ́ Heartsaver Pediatric ni kí ẹ béèrè. Kọ́ọ̀sì wọn tó ń jẹ́ BLS, àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ṣe é fún, mo sì ti rí òbí tó náwó sí i lásán. Ẹ tún bi ilé ìwòsàn tí ẹ bímọ sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ọmọláńgidi ọmọ ọwọ́ wà, àbí ti àgbàlagbà nìkan? Èèyàn mélòó ló ń pín ọ̀kan lò? Bó bá ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ẹ ó lo ọjọ́ náà ní wíwo ẹlòmíràn. Ṣé olùkọ́ á wo ọwọ́ mi, kó sì tún un ṣe? Ìlànà ọdún wo lẹ ń lò? Kíláàsì tó pé á tún kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó ṣe sí iná tó jó ọmọ (omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe òróró, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín) àti gìrì (ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bó bá sì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pe pàjáwìrì).

Sátífíkéètì tó múná dóko sábà máa ń lo ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti máa ń gbàgbé láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ máa fi ìrọ̀rí tó le dán an wò nílé. Ẹ má dán an wò lára ọmọ tó ń mí, láé. Gbogbo ẹni tó ń dá wà pẹ̀lú ọmọ náà ló yẹ kó lọ, ìyá àgbà àti ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe kíláàsì, mi ò sì rí ọmọ yín. Bó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti èémí tí wọ́n bí i mọ́, dókítà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Títí ọjọ́ kíláàsì á fi pé, ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì àdúgbò yín sí ara ògiri. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ pè wọ́n, ẹ fi fóònù sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ sókè, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ráyè. Bí fóònù kò bá sí nítòsí, ẹ ṣe CPR fún ìṣẹ́jú méjì ná kí ẹ tó lọ wá a. Ọmọ ọwọ́ kò wúwo, ẹ gbé e dání lọ.