Ọmọ mi fi orí fífọ́ ìyá ọkọ mi dápàárá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Bàbá àwọn ọmọ mi ló kó àpárá wọ ilé wa. Bí ọmọ bá ní, "Ebi ń pa mí," á ní, "Ebi dà? Ẹ gbé pàṣán fún mi, ta ló rán an kó máa pa ọmọ mi?" Bí òtútù bá ń mú wọn, á béèrè bóyá òtútù ti di ọlọ́pàá. Ẹ̀rín á gba gbogbo ilé. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ìyá ọkọ mi ní, "Orí ń fọ́ mi." Ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 9, bá dáhùn pé, "Màmá àgbà, ṣé kí n gbé ọṣẹ àti kànrìnkàn wá?" Inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní a ò kọ́ ọmọ nílé. Ṣé kí n fòfin de àpárá yìí ni?
— Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòfin dè é. Ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe: ó gbọ́ "fọ́," ó yí ohùn òkè sí ohùn ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó di "fọ̀," ó tún rántí kànrìnkàn! Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbọ́ Yorùbá nílé tí wọn ò lè fi fèsì. Tiyín ń fi í ṣeré. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Àsìkò ló ṣì mú. A kì í bá ẹni tí ara ò yá ṣàwàdà kí a tó kí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà" ló yẹ kó ṣáájú, kó bu omi, kó wá oògùn. Kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá, kí bàbá rẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀ tì í, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Bó bá wá dalẹ́, kó pa àlọ́ fún wọn. Àlọ́ àpamọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ti ìjàpá tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọmọdé ti láṣẹ láti dán àgbà wò. Ó ké "Àlọ́ o!", màmá dáhùn "Àlọ̀!", ó ti gbàyè nìyẹn. Kó bi wọ́n pé: "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Orógùn ni, ṣùgbọ́n kó má tètè tú u. Màmá á mọ̀ ọ́n, wọn á sì gbé tiwọn kalẹ̀. Kí wọ́n ní kó sáré pe: "Mo ra dòdò ní Ìdó, mo jẹ dòdò ní Ìdó, mo fọwọ́ dòdò na ọmọ onídòdò ní ìdodo." Bó bá jẹ́ ahọ́n màmá ló kọ́kọ́ kọsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.